Arógundádé àti Òfin Ìlú Mẹ́ta

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì ń bá ọ̀nà jà tí igbó sì ń borí, ìlú mẹ́ta kan wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìṣọ̀rí. Ìgbónrìn ni ó tóbi jù nínú wọn, ibẹ̀ sì ni ààfin wà. Òkè-Àpáta wà lórí òkè, àwọn ará ibẹ̀ sì le bí òkúta tí wọ́n kọ́lé lé. Ẹrẹ́jà wà létí odò Àwẹ̀rẹ̀. Òun ni ó kéré jù, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ọba kan ṣoṣo ni ó ń jẹ lórí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ju ìbúra tí wọ́n ń ṣe fún orí ọba náà lọ. Ohun tí ọba bá sọ ní àárọ̀ ni òfin àárọ̀. Bí ó bá yí i padà ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí ó yí padà náà ni òfin.

Adéborí ni orúkọ ọba tí ó jẹ kẹ́yìn ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Akọni ni òun náà nígbà tí ó gorí oyè. Òun ni ó lé àwọn akónilẹ́rú kúrò lọ́nà oko, àwọn obìnrin sì ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin nídìí odó. Ṣùgbọ́n adé a máa wúwo, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó dé e ni ó sì ń gbé ìwúwo rẹ̀ ka orí ọmọnìkejì. Adéborí bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi yí ààfin ká. Odi náà kò tán, àwọn tí ń mọ ọ́n ni wọ́n ń tán.

Ọláìtán wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ mọ odi yìí. Òun nìkan ni ọmọ tí Adúnbárìn, Ìyálóde Òkè-Àpáta, bí. Nígbà tí ọmọkùnrin náà rí i pé ebi ń pa àwọn ẹgbẹ́ òun kú sẹ́nu iṣẹ́, ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba, ó sì ro ẹjọ́ wọn. Ọba rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ní, “Máa lọ sílé, ọmọ mi, mo ti gbọ́.” Ọláìtán kò dé ilé. Láti ọjọ́ náà ni Adúnbárìn ti pinnu pé òun kò ní gba ẹnu dídùn gbọ́ mọ́ láyé òun. Bí ènìyàn bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kí ó tó dá a lóhùn.

Ẹni tí ó gba ilẹ̀ Ìṣọ̀rí lọ́wọ́ Adéborí ni Arógundádé, Balógun Ẹrẹ́jà, ọkùnrin gàgàrà tí í tẹ orí ba kí ó tó wọ ilé onílé, ajà-má-pariwo, òjò ìdájí tí í rọ̀ tán kí olóko tó jí. Nígbà tí Ẹrẹ́jà kọ̀ láti kó ọmọ wọn fún iṣẹ́ odi, tí ọba sì rán ogun sí wọn, Arógundádé kò dúró de ogun nínú ìlú. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ inú odò Àwẹ̀rẹ̀, omi mù wọ́n dé ọrùn, esùsú bò wọ́n lórí. Àwọn ọmọ ogun ọba dé etí odò, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bu omi mu. Inú omi tí wọ́n fẹ́ mu ni idà ti yọ sí wọn. Arógundádé lé àwọn tí ó kù dé Ìgbónrìn. Kò jó ilé ẹnikẹ́ni, kò kó ẹrù ẹnikẹ́ni. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ààfin, ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún ọba pé ọ̀nà odò ṣí sílẹ̀. Adéborí gba ọ̀nà odò lọ, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà náà ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kígbe pé kí Arógundádé wá jọba. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń sọ ọ́, ẹni tí ó ti ojú ogun rí adé dé. Àwọn àgbà sì ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ṣùgbọ́n Arógundádé dúró níwájú gbogbo wọn, ó sì sọ̀rọ̀ báyìí pé:

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé báyìí náà ni a ṣe kígbe fún Adéborí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú ni a fi jọba ní ọjọ́ náà. Ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n a kò fi ìjánu sí i lẹ́nu. Ẹṣin rere tí kò ní ìjánu, ẹni tí ó gùn ún ni yóò gbé ṣubú, ẹni tí ó dúró lójú ọ̀nà ni yóò tẹ̀ pa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ọba kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí a ṣe òfin kan ṣoṣo fún ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a sì mu ún bí ẹni mulẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá ọba.”

Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n yìn ín. Adúnbárìn nìkan ni kò yìn ín. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, “Ta ni ọkùnrin tí a gbé oúnjẹ fún tí ó ní kí a kọ́kọ́ lọ fọ abọ́? Nínú kí ebi má pa á, tàbí kí ó fẹ́ jẹ ẹ́ pẹ́, ọ̀kan ni.”

Oríta tí ọ̀nà ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni wọ́n pa àtíbàbà ìgbìmọ̀ sí. Ìlú kọ̀ọ̀kan gbé omi tirẹ̀ wá, ó sì mú alásè tirẹ̀ wá. Ará Ìgbónrìn kò jẹ nínú ìkòkò ará Ẹrẹ́jà. Ará Ẹrẹ́jà kò fi ẹnu kan akèrègbè ará Òkè-Àpáta. Bí ẹnìkan bá wúkọ́ láàárín ìjókòó, gbogbo ojú ni yóò yí sí ohun tí ó mu kẹ́yìn. Àwọn àgbà ní pańṣá kò fura, pańṣá já sí iná. Àjà kò fura, àjà jìn. Kò sí pańṣá kankan ní oríta náà.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ òfin, Adúnbárìn dìde.

Ó ní, “Balógun, níbo ni àwọn ọmọ ogun rẹ wà?”

Arógundádé ní, “Wọ́n wà lẹ́bàá odò, Ìyálóde.”

“Wọ́n ń ṣe kí ni níbẹ̀?”

“Wọ́n ń sinmi.”

“Ẹni tí ó ń ṣòfin níwájú ẹni tí ó di idà mú, kì í ṣe òfin ni ó ń ṣe, ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí a ṣòfin, jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi nínú oko bàbá wọn.”

Àwọn ará Ẹrẹ́jà kùn, ṣùgbọ́n Arógundádé pe ìránṣẹ́, ó ní kí àwọn ọmọ ogun túká kí wọ́n sì lọ máa ro oko. Wọ́n túká. Adúnbárìn rán ènìyàn tẹ̀lé wọn láti wò ó bóyá oko náà ni wọ́n lọ lóòótọ́. Ìránṣẹ́ padà wá sọ pé òun bá wọn nídìí ebè. Dípò kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tún ń bi ara rẹ̀ pé, “Ẹni tí ó gba nǹkan láìjà báyìí, kí ni ó ń fi pamọ́?”

Ẹni tí ó tún gbajúmọ̀ níbi ìjókòó náà ni Lámọ́rin, Ọ̀tún Ìgbónrìn. Ọkùnrin yìí mọ ọ̀rọ̀ í sọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè fi ẹnu lásán yọ obì nínú àpò ahun. Bí ìlú méjì bá ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Lámọ́rin ni yóò wá gbólóhùn tí yóò tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lójú bí ọ̀rọ̀ bá ti le. Adúnbárìn kò fọkàn tán òun náà, nítorí ẹnu rẹ̀ dùn jù. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan kì í ṣọ́ ẹnu ọ̀nà méjì pa pọ̀, Arógundádé sì ni ó tẹjú mọ́.

Wọ́n ṣe òfin pé ọba kọ́ ni ó ni ilẹ̀, olùtọ́jú ilẹ̀ ni. Wọ́n ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ de ènìyàn, a kò gbọdọ̀ pa ènìyàn, àfi bí àwọn ará ìlú rẹ̀ bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lójú gbangba. Adúnbárìn ni ó mú òfin yìí wá, nígbà tí ó sì ń sọ ọ́, kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n ṣe òfin pé ọba kò gbọdọ̀ dá nìkan gbé ogun dìde. Gbogbo ìwọ̀nyí rọrùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹtì ni pé, bí ọba bá ṣẹ̀, ta ni yóò dá a lẹ́jọ́?

Ìgbónrìn ní ìlú tí ààfin wà nínú rẹ̀ ni. Ẹrẹ́jà ní Balógun tí ó gba ilẹ̀ là ni. Òkè-Àpáta ní àwọn kò gba ti èyí, àwọn kò gba ti ọ̀hún. Wọ́n jiyàn títí ohùn fi há. Níkẹyìn Arógundádé ní, “Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa dá a lẹ́jọ́ pọ̀. Bí a bá pọ̀ níbẹ̀, bí ẹnìkan bá fẹ́ gba rìbá, apá ẹni tí ó fẹ́ fún un kò ní ká gbogbo wa.” Lámọ́rin wá to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó ní: “Bí ọba bá ṣẹ̀, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò pé jọ dá a lẹ́jọ́. Ìlú kan kò gbọdọ̀ dá a ṣe, ẹnìkan kò sì gbọdọ̀ dá a ṣe.” Gbogbo wọn fọwọ́ sí i.

Orí ènìyàn ni ìwé ayé ìgbà náà. Nítorí náà wọ́n yan ẹnìkan láti ìlú kọ̀ọ̀kan tí yóò kọ́ òfin náà sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò sì lọ kà á fún àwọn ará ìlú rẹ̀ kí wọ́n lè sọ bóyá wọ́n gbà tàbí wọn kò gbà. Ẹnu-Òfin ni wọ́n pè wọ́n. Arógundádé ní kí wọ́n wá sí Ẹrẹ́jà, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ó dára fún ẹ̀kọ́. Adúnbárìn ní, “Rárá o. Kì í ṣe ní ilé rẹ, Balógun. Ẹ jẹ́ kí Lámọ́rin kọ́ wọn, ṣebí òun ni ó to ọ̀rọ̀ náà.” Bí wọ́n ṣe fi í lé Lámọ́rin lọ́wọ́ nìyẹn. Ìyálóde fúnra rẹ̀ ni ó sì fi í lé e.

Ẹnu-Òfin kọ̀ọ̀kan gba ìlú rẹ̀ lọ. Èyí tí ó wá sí Òkè-Àpáta kà á, kò fi gbólóhùn kan sílẹ̀, kò sì fi ọ̀kan kún un. Òkè-Àpáta gbà. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé Ẹrẹ́jà gbà, wọ́n tilẹ̀ jó. Ìgbónrìn náà gbà, wọ́n sì jó ju Ẹrẹ́jà lọ. Ijó yìí ni kò jẹ́ kí Adúnbárìn rí oorun sùn dáadáa. Ìlú mẹ́ta tí wọn kò fẹnu kò rí lórí ibi tí omi odò ti ń ṣàn wá, kí ni ó dé tí gbogbo wọn fi ń jó sí òfin kan náà?

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mu òfin, ó pàdé obìnrin ará Ẹrẹ́jà kan lójú ọ̀nà, tí ó ru ẹja gbígbẹ. Obìnrin náà sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, “Ẹ kú ọ̀nà o, Ìyálóde. Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi ohun tí ó tọ́ sí Balógun wa dù ú.”

Adúnbárìn ní, “Kí ni a fún un, ọmọ mi?”

“Ṣebí òun ni yóò máa dá ọba lẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹnu-Òfin kà á fún wa.”

Adúnbárìn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹja rẹ á tà o.” Ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ń wí pé, “Mo ti mú ọ, Arógundádé. Lónìí ni gbogbo ilẹ̀ yóò rí ìdí abájọ.”

Nígbà tí gbogbo ènìyàn pé, wọ́n gbé igbá ńlá kan sí àárín. Wọ́n bu ilẹ̀ Ìgbónrìn sínú rẹ̀, wọ́n bu ilẹ̀ Òkè-Àpáta, wọ́n bu ilẹ̀ Ẹrẹ́jà, wọ́n sì da omi Àwẹ̀rẹ̀ lé e. Lámọ́rin dìde nínú agbádá funfun, ó ní kí àwọn Ẹnu-Òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ka òfin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohùn ilẹ̀ Ìṣọ̀rí lè di ọ̀kan.

Adúnbárìn ní, “Kí wọ́n má kà á pọ̀. Kí wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Lámọ́rin ní, “Ìyálóde, oòrùn ti ń mú. Àwọn arúgbó wà láàárín wa.”

“Èmi náà wà lára wọn, oòrùn kò sì tíì pa mí. Kí wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Ẹnu-Òfin Òkè-Àpáta kà á, ó dé ibi ìdájọ́ ọba, ó ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ẹnu-Òfin Ẹrẹ́jà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó ń kà á bọ̀ geere, nígbà tí ó dé ibi kan náà, ó ní, “Bí ọba bá ṣẹ̀, Balógun ni yóò dá a lẹ́jọ́.” Ariwo ta. Adúnbárìn yí sí Arógundádé, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí i.

Ó ní, “Ẹ wo akọni yín. A gbé adé fún un, ó kọ̀ ọ́. Kò mọ̀ pé a mọ̀ pé ohun tí ó ga ju adé lọ ni ó ń wá. Ẹni tí ń dá ọba lẹ́jọ́, ta ni yóò dá òun lẹ́jọ́?”

Arógundádé kò bínú. Ó ní, “Ìyálóde, ó ku ìlú kan. Ẹ jẹ́ kí Ìgbónrìn ka tirẹ̀.”

Ẹnu-Òfin Ìgbónrìn wo Lámọ́rin. Lámọ́rin wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀, nígbà tí ó dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: “Bí ọba bá ṣẹ̀, ìlú tí ààfin wà nínú rẹ̀ ni yóò dá a lẹ́jọ́.”

 Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yé tọmọdé tàgbà. Òfin mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ mu nínú igbá kan, ẹnu kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti jáde. Ní ọjọ́ tí ìjà bá dé, ìlú tí ó lágbára jù, tí ààfin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni òfin tirẹ̀ yóò borí.

Lámọ́rin kò sá. Ó ní, “Ẹ gbọ́ mi. Bí mo bá gbé òfin kan náà lọ sí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlú kan ni ìbá gbà á. Mo fún olúkúlùkù ní èyí tí yóò lè gbé mì, kí ilẹ̀ yìí má baà pín. Mo rò pé bí a bá ti mulẹ̀ tán, a ó máa tún un ṣe ní ìkọ̀kọ̀.” Ohùn rẹ̀ dùn bí ó ti máa ń dùn, àwọn kan tilẹ̀ ti ń mi orí. Adúnbárìn gbọ́ ohùn náà, ó sì dà bí ẹni pé ó gbọ́ ẹni tí ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé máa lọ sílé, mo ti gbọ́. Ìtìjú mú un. Ẹkùn ni ó ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gbé ejò sórí ẹní.

Síbẹ̀ kò tíì tán nínú rẹ̀. Ó yí sí Arógundádé, ó ní, “Ìwọ wà ní Ẹrẹ́jà nígbà tí wọ́n ka òfin. Ṣé o kò gbọ́ ni?”

 Arógundádé ìbá sọ pé òun wà lóko. Kò sí ẹni tí ìbá já a nírọ́. Ó ní, “Mo gbọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a sọ níhìn-ín. Ó dùn mọ́ mi, Ìyálóde. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ẹ ti yí i padà lẹ́yìn mi, mo sì dákẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ènìyàn ju ti Lámọ́rin lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ Ẹrẹ́jà àti ti Òkè-Àpáta ti yọ àdá sí Lámọ́rin, wọ́n sì ti fa agbádá rẹ̀ ya. Arógundádé bọ́ sí àárín, kò mú idà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, “Òfin wo ni ẹ fẹ́ fi pa á? Òfin tí a kò tíì mu? Bí a bá pa ọkùnrin yìí lónìí láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, Adéborí kò lọ rárá, ó kàn pààrọ̀ ilé ni.”

Ẹnìkan kígbe pé, “Ọ̀rẹ́ ẹ ni. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ jọ pète rẹ̀.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gba èyí gbọ́. Arógundádé mọ̀ pé wọ́n gbà á gbọ́, síbẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ títí Lámọ́rin fi gba ẹ̀yìn àtíbàbà jáde. Lámọ́rin padà sí Ìgbónrìn, ó jókòó sí ilé rẹ̀, kò sì tún sí ẹni tí ó wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Adúnbárìn tún dìde. 

Ó ní, “Èmi kò mọ ohun tí ó wà nínú ọkùnrin yìí. Ó lè jẹ́ oyin, ó lè jẹ́ oró. Ó sọ òtítọ́ lónìí nígbà tí irọ́ ìbá gbà á là, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ nígbà tí òtítọ́ ìbá gba gbogbo wa là. A kò lè ṣe òfin lé inú tí a kò rí. Nítorí náà mo fẹ́ kí a fi ọ̀kan kún un, pé ẹni tí ó bá fi idà lé ọba kúrò lórí oyè kò gbọdọ̀ jọba, kò gbọdọ̀ dá ọba lẹ́jọ́, títí yóò fi kú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ẹni tí ó bá ní idà ni yóò máa wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ọba lọ́rùn.”

Àwọn ará Ẹrẹ́jà fò dìde. Wọ́n ní ta ni ó wà nínú omi nígbà tí Ìyálóde wà lórí òkè? Wọ́n ní kí Arógundádé sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí oko dá àwọn ọmọ ogun padà. Adúnbárìn ń wo ojú rẹ̀. Ó rí i pé eyín ọkùnrin náà wà lórí ara wọn, iṣan ọrùn rẹ̀ sì ran.  Arógundádé ní, “Ẹ fi kún un.”

Wọ́n tún òfin náà kọ́ àwọn Ẹnu-Òfin lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n tún rán wọn lọ, ẹni ìlú mìíràn tẹ̀lé Ẹnu-Òfin kọ̀ọ̀kan láti máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ijó kò pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ìlú kọ̀ọ̀kan rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú rẹ̀, wọ́n kùn, wọ́n sì gbà. Nígbà tí wọ́n padà pé sí oríta, tí igbá sì dé àárín, kò sí ẹni tí ó fẹ́ kọ́kọ́ mu. Olúkúlùkù ń rò pé ẹlòmíràn ti fi nǹkan sí i. Arógundádé ni ó gbé igbá náà, ó sì mu. Wọ́n dúró wò ó bóyá yóò ṣubú. Kò ṣubú. Adúnbárìn gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu, lẹ́yìn náà ni gbogbo ilẹ̀ Ìṣọ̀rí mu.

Wọ́n fi Adékambí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan láti Ìgbónrìn, jọba. Arógundádé padà sí oko. Adúnbárìn fi ènìyàn ṣọ́ ilé rẹ̀, kì í ṣe fún ọdún kan tàbí méjì. Arógundádé mọ̀. Nígbà gbogbo tí iṣu tuntun bá dé, yóò fi iṣu ránṣẹ́ sí Òkè-Àpáta, yóò ní, “Ẹ sọ fún Ìyálóde pé inú oko ni mo ṣì wà.” Adúnbárìn yóò gba iṣu náà, yóò fún ewúrẹ́ jẹ nínú rẹ̀ ná, kí òun tó jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kan dé tí Adékambí gba oko àwọn ará Ẹrẹ́jà kan láti fi dá oko tirẹ̀. Wọ́n wá bá Arógundádé pé kí ó gbé idà. Adúnbárìn gbọ́, ó ní, “Ó dé.” Ṣùgbọ́n Arógundádé sọ fún wọn pé, “Idà mi ti dógùn-ún. Ẹ lọ pe ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.” Wọ́n pé jọ ní oríta, wọ́n dá ọba lẹ́jọ́, ọba dá oko padà, ó sì tọrọ àforíjì. Ní gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ náà ń lọ lọ́wọ́, Arógundádé kò jáde nílé, nítorí òfin kò fún un ní àyè níbẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe darúgbó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti sinmi, kò sì dìde mọ́. Adúnbárìn ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà. Wọ́n fi àga gbé e dé Ẹrẹ́jà. Ó bá wọn sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí ó mú kí gbogbo ilé wò ó bí àjẹ́: “Kí a tó sin ín, mo fẹ́ kí a yẹ yàrá rẹ̀ wò.”

Àwọn ọmọ Arógundádé fẹ́ kọ̀. Ìbídùn, aya rẹ̀, ni ó ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá yín pàápàá mọ̀ pé wọn yóò wá.”

Lábẹ́ ibùsùn ni wọ́n ti fa àpótí kan jáde. Nínú rẹ̀, nínú aṣọ ẹtù, wọ́n rí adé. Adé ìlẹ̀kẹ̀ ni, ó pé, ìbòjú rẹ̀ sì gún régé. Àwọn ìjòyè Òkè-Àpáta kígbe. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìyálóde, ìfura yín kò lọ lásán.” Adúnbárìn yí adé náà padà, ó wo inú rẹ̀. Òróró orí ti fi àmì sí aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ ẹ.

Ó ní, “Ìbídùn, ó ti dé e.”

Ìbídùn ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyálóde. Àwọn àgbà ìlú wa ni wọ́n rán an sí ìwọ̀n orí rẹ̀ nígbà tí ogun parí, kí ọ̀rọ̀ òfin tó dé. Kò lè jù ú nù. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ọdún ìjẹṣu, yóò ní kí n ti ilẹ̀kùn. Yóò dé e, yóò jókòó díẹ̀. Èmi nìkan ni mo máa ń wà níbẹ̀, ó sì kọ̀ fún mi láti kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò ṣí i, yóò dì í sínú aṣọ, yóò sì mú ọkọ́ lọ sí oko.”

Ìjòyè náà ní, “Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí.”

Adúnbárìn ní, “Ó fẹ́ ẹ. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ṣìnà. Ẹni tí kò fẹ́ràn oyin, bí kò bá fọwọ́ kan afárá, kí ni a fẹ́ tìtorí rẹ̀ yìn ín? Ọkùnrin yìí fẹ́ ẹ, ó ní in, ó bá orí rẹ̀ mu, àwọn tí yóò bá a jà fún un sì wà ní oko tí kò jìnnà. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ láti sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Wọ́n rò pé ó fẹ́ lọ ni. Ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkú náà, òun tí ó tó ìyá rẹ̀ í bí, ó sì fi orí kan ilẹ̀ bí a ti í ṣe fún ọba.

Wọ́n sin Arógundádé sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí ó sinmi sí. Wọn kò sin adé náà mọ́ ọn. Adúnbárìn ni ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí àtíbàbà oríta, kí wọ́n fi í kọ́ òpó àárín. Ọba tí ó bá fẹ́ jẹ ní ilẹ̀ Ìṣọ̀rí, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ dúró láìdé fìlà, yóò wo adé yìí títí wọn yóò fi ka òfin tán sí i létí, kí wọ́n tó gbé tirẹ̀ lé e lórí. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tún un sín. Orí ẹnikẹ́ni kò tún wọ inú rẹ̀ mọ́.